Àbẹ́là Tí Mo Fi Kun Ìbọn Bàbá Jìnádù

Nígbà tí mo wà ní kékeré, òórùn ló máa ń jí mi nílé wa ní Muṣin kí ohùn èèyàn tó jí mi. Òórùn àkàrà ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi tí gbogbo àdúgbò ti ń pọnmi. Bí òjò bá ti rọ̀, òórùn gọ́tà á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni òórùn rẹ́sìn, oje kẹ́míkà tí bàbá mi fi ń ṣiṣẹ́, á dé, èyí tó máa ń ta síni nímú títí ojú yóò fi ṣomi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí Èkó nígbà náà, kálukú yín ló ní òórùn tó ń dá a padà sílé. Tèmi nìyẹn. Bí mo bá gbọ́ ọ lónìí níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe, ẹsẹ̀ mi a dúró fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá a máa rò pé ó rẹ̀ mí ni.

Káfíńtà ni bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wá jẹun l'Ékòó. Ó máa ń kan bẹ́ẹ̀dì àti àga bíi ti gbogbo káfíńtà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó fi ọkàn ṣe ni iṣẹ́ igi ìbọn. Ìbọn ṣakabùlà ni mò ń wí, èyí tí wọ́n ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu. Àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ ní Ijora àti Makoko ní in, àwọn ọdẹ ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà sì máa ń fi tiwọn ránṣẹ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ọ̀rọ̀ mi kò ní yé ẹni tí kò bá mọ ohun tí eyín ìbọn jẹ́. Lábẹ́ ọ̀pá ìbọn, irin kékeré kan yọ jáde bí eyín. Inú kòtò kan tí wọ́n gbẹ́ sínú igi ni eyín yẹn máa ń jókòó sí. Nígbà tí wọ́n bá yin ìbọn, tí ìbọn bá ta sẹ́yìn, eyín yìí ló máa di igi mú kí ọ̀pá má baà kúrò níbi tó wà. Bí kòtò yẹn bá fẹ̀ ju eyín lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n èékánná, eyín á máa gbá igi lójoojúmọ́, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí igi á fi là. Lọ́jọ́ tó bá là, èjìká ẹni tó mú ìbọn ló máa sọ ìyókù.

Bàbá mi ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń fi fáíbà ṣe ọkọ̀ ojú omi ní Ijora. Ibẹ̀ ló ti kọ́ pé rẹ́sìn tí a pò mọ́ òwú gíláàsì máa ń le ju igi lọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹ́ ibùsùn fún eyín ìbọn. Á gbẹ́ kòtò náà díẹ̀ sí i, á da rẹ́sìn sínú rẹ̀, á gbé ọ̀pá ìbọn lé e, á sì fi awọ táyà dè é pinpin títí di ọjọ́ kejì. Rẹ́sìn á wá gba ìrísí eyín yẹn gẹ́lẹ́, bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ ẹrẹ̀. Kò sí ọdẹ kan tí bàbá mi bá ṣe ìbọn rẹ̀ báyìí tó tún padà wá ráhùn.

Àmọ́ rẹ́sìn kò mọ ẹni tó yẹ kó fi sílẹ̀. Ohunkóhun tó bá kàn ló ń dì mọ́. Nítorí náà, kí ọ̀pá tó wọ inú rẹ́sìn, a gbọ́dọ̀ fi àbẹ́là kun irin náà lẹ́ẹ̀mejì, ká fi aṣọ rírọ̀ nù ún, kí àbẹ́là lè wà láàárín irin àti rẹ́sìn. Bí a bá gbàgbé, igi àti irin á di ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó lè yà wọ́n mọ́ àfi ayùn.

Èmi ni mo máa ń kun àbẹ́là. Èmi náà ni mo máa ń po rẹ́sìn.

Ìyá mi ti kú nígbà tí n kò tíì mọ ojú rẹ̀, bó ṣe di pé inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ń gbé nìyẹn bí mo bá ti dé láti ilé ìwé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi á máa ṣe tẹ́ńtẹ́n níta, wọ́n á máa pè mí, n kò ní í jáde. Mo ti mọ iye ẹ̀kán oògùn tó ń mú rẹ́sìn le tó yẹ kó kán sínú rẹ̀ nígbà òjò àti iye tó yẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Òwú gíláàsì a máa yún mi lápá bí wèrèpè, ṣùgbọ́n n kì í họra lójú bàbá mi. Bí a bá parí, á ra ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì, a ó jókòó lórí pákó kan náà jẹ ẹ́. N kò tíì jẹ oúnjẹ kankan tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà, mo sì ti jẹun nílé àwọn ọlọ́lá.

Ẹnì kan ṣoṣo ni inú rẹ̀ kò dùn sí i nínú ilé. Àǹtí Sẹ̀fí ni, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Òun ló tọ́ bàbá mi dàgbà nígbà tí àwọn òbí wọn kú, òun ló sì wá tọ́ èmi náà. Mo máa sọ òtítọ́ nípa rẹ̀, mo ti dàgbà ju ẹni tó ń bẹ̀rù lọ. Obìnrin náà mọ́ tónítóní. Eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ló fi ń fọ ìkòkò, títí ìdí ìkòkò á fi dà bíi dígí. "Ìkòkò tí kò bá dán, àlùjànnú ló ń jẹun nínú rẹ̀," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Bí mo bá fọ àwo tí ọ̀rá ṣẹ́ kù sí i lára, á ní kí n fìka tọlẹ̀, kí n gbé ẹsẹ̀ kan sókè, títí yóò fi kírun tán. Ẹ̀yin tí wọ́n fi ìyà yẹn jẹ rí, ẹ mọ bí ìrun kan ṣe máa ń gùn tó.

"Obìnrin kì í jókòó ti ìbọn," á máa sọ fún bàbá mi. "Ò ń bọ̀ wá kábàámọ̀."

Bàbá mi kì í fèsì. Kò fèsì fún un rí láyé rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Bàbá Jìnádù gbé ìbọn rẹ̀ wá. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ibi ìlàgi kan nítòsí Makoko ni, àgbàlagbà ni pẹ̀lú, kò sì sí eyín kankan mọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìbọn náà jẹ́ ti bàbá rẹ̀. Igi apá ni wọ́n fi ṣe é, ibi tí bàbá rẹ̀ máa ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì sì ti jin díẹ̀, ó ń dán bí ihò ọpọ́n ayò.

Bàbá mi wo inú kòtò. "Ó ti fẹ́ là, Bàbá. Ìgbà wo lẹ ti tọ́jú eyín ìbọn yìí gbẹ̀yìn?"

"Ṣé mo tọ́jú tẹnu ara mi ni?" Bàbá Jìnádù la ẹnu òfìfo, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi wá nawọ́ sí mi. "Ọmọ yìí ló máa po oògùn tí màá fi ṣe é."

"Obìnrin?"

"Ọwọ́ ni mo wí, Bàbá. N ò wí obìnrin."

Lẹ́yìn tí bàbá àgbà náà lọ, bàbá mi sọ fún mi pé bí ìbọn yìí bá jáde geere, lójú Bàbá Jìnádù àti lójú Àǹtí Sẹ̀fí ni òun ó ti sọ pé èmi ni ọmọ-iṣẹ́ òun, pé èmi ló máa jogún irinṣẹ́ òun. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tí mo fẹ́ láyé ju ìyẹn lọ, bóyá kò sì tíì sí di òní.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ náà, mo tú ọ̀pá ìbọn sílẹ̀, mo fi àbẹ́là kun eyín àti gbogbo abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo nù ún, mo tẹ́ ẹ sórí pákó. Bàbá mi lọ ra rẹ́sìn tuntun ní Ijora, èmi lọ sílé ìwé. Nígbà tí mo dé, bàbá mi ti ń ṣí agolo, Bàbá Jìnádù sì ti jókòó, ó ní òun fẹ́ fojú òun rí i.

"Múínà, ṣé o ti kùn ún?"

"Mo ti kùn ún, Bàámi. Ẹ̀ẹ̀mejì."

Kò fọwọ́ kàn án wò. Mo máa ń rántí ìyẹn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó gbà mí gbọ́, kò sì fọwọ́ kàn án wò. Mo po rẹ́sìn, ó dà á sínú kòtò, ó gbé ọ̀pá lé e, a fi awọ táyà dè é.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Jìnádù tún wá. Bàbá mi tú awọ táyà, ó fi òòlù onígi gbá ìdí ọ̀pá. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé ọ̀pá á ró "kó", á sì yọ. Kò ró. Ó tún gbá a. Ó da omi gbígbóná sí i. Ó fi okùn fà á títí òógùn fi bo ojú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó jókòó sílẹ̀, ó wo Bàbá Jìnádù, bàbá àgbà náà sì mi orí díẹ̀ pé òun gbà. Bàbá mi bá mú ayùn.

Ó rẹ́ igi náà sí wẹ́wẹ́ kúrò lára irin. Igi apá tí bàbá Bàbá Jìnádù fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì. Bàbá Jìnádù bọ́ fìlà rẹ̀, ó lóṣòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èérún igi náà sínú fìlà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa èkùrọ́.

Àǹtí Sẹ̀fí dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Mo sọ ọ́ tàbí n ò sọ ọ́? Ẹ bi í! Ṣé ẹ mọ irú ọjọ́ tó jẹ́ lára rẹ̀ lánàá tó fi lọ ń fọwọ́ kan ìbọn oníbọn?"

Lójú ọkùnrin méjì ló ti wí bẹ́ẹ̀. Nǹkan oṣù tó ń wí kò tíì bẹ̀rẹ̀ lára mi rárá, òun náà sì mọ̀, torí òun ló ń fọ aṣọ mi.

Bàbá mi ń fi ọ̀bẹ họ rẹ́sìn kúrò lára eyín ìbọn. Mo rí i tó dúró. Mo rí i tó mú nǹkan kékeré kan, tó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, tó wo Àǹtí Sẹ̀fí, tó sì fi nǹkan náà sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Mo rò pé ìṣó ni.

"Múínà, ṣé o kùn ún?"

"Bàámi, mo kùn ún."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Lọ síta. Má wọ ibí mọ́."

Kò nà mí. Ì bá kúkú nà mí. Kò pé oṣù kan tó fi mú mi lọ sí Yaba, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó jẹ́ tíṣà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀wé. Mo mọ̀wé débi pé mo lọ sí yunifásítì, mo sì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kẹ́místírì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹbí máa ń sọ pé, "Ẹ ò rí i bí Ọlọ́run ṣe fi ibi ṣe rere?" Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi mí rí bóyá rere yẹn ni mo fẹ́. Mo lè kọ ìdí tí rẹ́sìn fi ń le sára bọ́ọ̀dù fún yín láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tún pè mí lọ́mọ-iṣẹ́.

Bàbá mi máa ń wá sí Yaba lọ́jọ́ Sátidé. Á mú búrẹ́dì lọ́wọ́, á jókòó sétí àga bí ẹni tó ń retí dókítà. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, mo máa ń gbé omi fún un, mo sì máa ń padà sídìí ìwé mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó tọwọ́ bọ àpò, ó ní, "Múínà, nǹkan kan wà tó yẹ kí n fi hàn ọ́."

Mo ní, "Mo ní ìdánwò lọ́la, Bàámi."

Ó yọ ọwọ́ jáde lófìfo. Ó ní kí Ọlọ́run fún mi ṣe. Kò tún dárúkọ rẹ̀ mọ́ títí tó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wá fún mi. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo ti rí agolo ìpara kékeré kan tí wọ́n fi aṣọ wé. Ègé rẹ́sìn kan ló wà nínú rẹ̀, kò ju orí àtàǹpàkò lọ, ó pọ́n bí oyin. Ojú eyín ìbọn hàn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Láàárín rẹ̀ ni eérú díẹ̀ wà, àti kóró ọsàn wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo, odindi.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo wà nílé ìwé lọ́jọ́ náà, Àǹtí Sẹ̀fí ti rí irin tí ọ̀rá àbẹ́là wà lára rẹ̀, àlejò sì ń bọ̀. Ó ti fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí ó fi dán, kóró kan sì há sí ìdí eyín. N kò bá a jà pé ó fọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì yẹn, ó ti mọ ohun tí òun ṣe, ó sì gbé ẹ̀bi rẹ̀ lé mi lórí. Bàbá mi náà mọ̀. Ó di kóró yẹn mú lọ́wọ́, ó wo ẹni tó tọ́ ọ dàgbà, ó wo èmi tó bí, ó sì yan èyí tó rọrùn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mẹ́ta ló wà lọ́jà lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo ru orí wíwọ́ lọ sí Yaba.

Àǹtí Sẹ̀fí pẹ́ láyé dáadáa. Irú wọn kì í tètè kú. Ó wá kí mi lẹ́ẹ̀kan nígbà tí kò lè rìn dáadáa mọ́. Mo gbé ègé rẹ́sìn náà ka iwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Ó wò ó títí.

"Kí nìyí?"

"Kóró ọsàn wẹ́wẹ́ ni, Àǹtí."

Ó gbé ojú kúrò. Ó ní, "Ọsàn wẹ́wẹ́ ayé òní ò lómi nínú mọ́."

N kò sin ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ. Mo fẹ́ fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í dá èèyàn méjì lẹ́bi ká fi ẹ̀kẹta pamọ́. Lọ́jọ́ iṣẹ́ náà, nígbà tí bàbá mi gbé ọ̀pá ìbọn sókè, irin náà dán ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Àbẹ́là kì í dán tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ṣú díẹ̀ bíi dígí tí èèyàn mí sí. Láàárín òórùn rẹ́sìn, mo gbọ́ òórùn ọsàn. Rẹ́sìn ti wà nínú kòtò, ìṣẹ́jú mélòó kan ló kù kó le. Bí mo bá ní kí wọ́n dúró, rẹ́sìn á bàjẹ́, Bàbá Jìnádù á sì ní, "Ẹ ò rí i? Obìnrin." Mo wo ojú bàbá mi. Mo dákẹ́.

Lónìí, àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò mi kò ní ju fèrè àti tọ́ọ̀ṣì lọ. Wọ́n ń ta rẹ́sìn nínú ọ̀rá kékeré méjì ní gbogbo ìkóríta, ọmọdé lè rà á. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì, kò sì sí ẹni tó ń bi í pé irú ọjọ́ wo ló jẹ́ lára rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan irin. Ó máa ń sọ̀rọ̀ sókè nígbà tí nǹkan kò bá tọ́ lójú rẹ̀, àní sí èmi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ ọ̀pá tí mo fi ń rìn ń mì, èmi àti ọmọ náà sì jọ tún un ṣe. Kó tó da rẹ́sìn, mo mú àbẹ́là, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi kun irin ibẹ̀ kí ó lè ṣeé tú lọ́jọ́ mìíràn. Ọwọ́ mi kò tíì gbàgbé. Ó bi mí ẹni tó kọ́ mi. Mo ní bàbá mi ni. Ó ní, "Ẹ ò sọ fún mi rí pé iṣẹ́ yín nìyí."

Ègé rẹ́sìn náà wà lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ èyí, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Kóró yẹn kò hù. Kò sì jẹrà.